Ẹ̀yìn Tí Mo Kọ Sí Onílé

Àyè mi ń bẹ lọ́wọ́ òsì, níwájú pátápátá, níbi tí irin tí wọ́n fi dá àwa òǹwòran dúró ti kan ògiri. Ẹ má bi mí pé ta ló fún mi. Gbogbo ẹni tó bá ti wo Ẹgbẹ́ Yàrá Kejì ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ ló mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ dúró síbẹ̀ máa kọ́kọ́ bá mi fa wàhálà. Lọ́sàn-án Sátidé tí mò ń sọ yìí, nígbà tí mo wọ gbọ̀ngàn, ọkùnrin gíga kan tó dé fìlà pupa ti fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì lé irin mi.

"Sún," ni mo wí.

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Màmá, ṣé ẹ ra ilẹ̀ síbí ni?"

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí. Mo kàn ki ìgbọ̀nwọ́ tèmi bọ àárín òun àti ògiri, mo ń tì í díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ti àpótí, títí ó fi ṣípò. Ó ṣépè lábẹ́ ẹnu. Mo gbọ́ ọ, mo sì ní kó gbé e padà lọ fún àwọn ará ilé ẹ̀. Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ náà, èmi àti Onífìlà.

Mi ò fẹ́ràn àwọn tó ń wá wo eré. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kó má dà bíi pé mò ń fi pamọ́. Àwọn kan á gbé fóònù sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n á lọ sílé láìrí nǹkan kan. Àwọn kan á máa ròyìn ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́ nígbà tí orin bá lọ sílẹ̀. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé àná ni wọ́n gbọ́ orin ẹyọ kan, òní ni wọ́n wọ ẹ̀wù ẹgbẹ́ náà, tí ojú ibi tí wọ́n ti ká ẹ̀wù ọ̀hún ṣì wà lára ẹ̀ gbọnrangandan. Ojú ìká mẹ́rin ni mo kà lára ẹ̀wù Onífìlà.

Ẹgbẹ́ yìí ò ju èèyàn mẹ́rin lọ. Kò sí ilé-iṣẹ́ awo-orin kankan tó ni wọ́n. Fúnra wọn ni wọ́n ń sọ ẹ̀rọ wọn kalẹ̀ látinú ọkọ̀, fúnra wọn ni wọ́n sì ń ta ẹ̀wù wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ohùn olórin wọn máa ń há bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, onílù wọn sì jẹ́ obìnrin tí kì í wọ bàtà. Orin rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń kọ. Nígbà tí àbúrò mi kọ́kọ́ gbé e wọlé, mo bi í bóyá ìkòkò ló ń já bọ́ látorí àtẹ̀gùn.

Àbúrò mi yìí ni mò ń wá tí mo fi ń lọ síbẹ̀. Orin tó wá wù mí, àfikún ni. Láti ọdún mẹ́ta ni mo ti ń dúró níwájú gbọ̀ngàn kan dé òmíràn, tí mo ń wo ojú gbogbo ẹni tó bá wọlé, bóyá màá rí ojú ẹ̀.

Oníkọ́kọ́rọ́ ni mí. Yàrá iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ̀rọ tí mo fi ń gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́bàá fèrèsé, kọ́kọ́rọ́ tí a kò tíì gbẹ́ ẹnu ẹ̀ sì wà lórí ìṣó ní gbogbo ara ògiri. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí ìyá wa kú, àbúrò mi jẹ́ mẹ́sàn-án. Ó tín-ín-rín débi pé tó bá gbé báàgì ilé-ìwé kọ́ ẹ̀yìn, báàgì lèèyàn máa kọ́kọ́ rí, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ ní Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo kọ́ ọ ní ìwé kíkà, èmi ni mo jókòó tì í lọ́jọ́ tí ibà fẹ́ gbé e lọ. Ó dàgbà, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ orin Ẹgbẹ́ Yàrá Kejì, ìyẹn ló sì tú wa ká.

Ọjọ́ tí ìdánwò àṣekágbá ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ẹgbẹ́ náà ń ṣeré ní ìlú kan tó jìnnà tó ìrìn ààbọ̀ ọjọ́. Ó ní òun ń lọ. Ó ní wọ́n lè má padà wá sí ẹkùn wa mọ́ láéláé, àti pé òun lè tún ìdánwò ṣe. Mo ní bó bá lọ, kó má padà wá. Ó lọ, mi ò sì rí i mọ́. Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí nìyẹn, mo sì ti sọ ọ́ débi pé èmi náà gbà á gbọ́.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, mo gbọ́ pé ẹgbẹ́ náà ń bọ̀ nítòsí. Mo ti to èébú tí màá bu olórin wọn sẹ́nu láti ilé. Mo débẹ̀, mo wá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kiri, mi ò rí i, mo wá gba iwájú lọ kí n lè rí ojú ọkùnrin náà bú dáadáa. Obìnrin tí kì í wọ bàtà bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìlù, gìtá dáhùn, nǹkan kan sì dé sí mi láyà tí mi ò lè ṣàlàyé ẹ̀ títí dòní. Mo padà sílé pẹ̀lú èébú mi lẹ́nu. Láti ìgbà yẹn, eré wọn tí ẹsẹ̀ mi bá lè dé, mi ò jẹ́ kí ó fò mí.

Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ "Onílé." Onílé kan ni wọ́n ń sọ nínú orin náà, tó dúró kí ayálégbé ẹ̀ jáde tán, tó wá tún inú àgádágodo ilẹ̀kùn ṣe. Ayálégbé dé, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wọlé ṣùgbọ́n kò yí. Rédíò ń sọ̀rọ̀ nínú ilé. Ó gbọ́ tí onílé húkọ́, onílé ò sì dìde. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo mi orí, nítorí ẹni tó kọ ọ́ mọ iṣẹ́. Bí wọ́n bá pààrọ̀ gbogbo àgádágodo, kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ lè má wọ ẹnu ẹ̀ rárá. Ẹni tó bá yọ kìkì àwọn irin wẹ́wẹ́ inú ẹ̀, tó fi òmíràn sí i, ti ẹni yẹn ni kọ́kọ́rọ́ máa ń wọ̀ tí kì í yí.

Inú bí mi sí onílé yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Irú wọn máa ń wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní kí n bá àwọn tìlẹ̀kùn mọ́ ẹnì kan síta kó tó ti ibi iṣẹ́ dé, mo sì máa ń fi ariwo lé wọn jáde. Mo tiẹ̀ kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn mi: A KÌ Í TI ILÉ MỌ́ ẸNIKẸ́NI SÍTA NÍBÍ. Nínú ẹsẹ kẹta orin náà, olórin máa ń dákẹ́, gìtá nìkan á máa lọ, á yí po lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí ìlù tó wọlé padà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí gìtá ti bẹ̀rẹ̀, mo rí onílé ọ̀hún lójú mi bíi pé òun ló dúró lórí ìtàgé. Mo kọ ẹ̀yìn sí i. Mi ò rò ó tẹ́lẹ̀. Obìnrin méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rí mi, àwọn náà yí padà. Níbi eré tó tẹ̀ lé e, ọgbọ̀n èèyàn ló ṣe é. Nígbà tó fi máa pé ọdún kan, kò sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti máa kọ orin náà tí gbogbo èrò kì í yí ẹ̀yìn sí ìtàgé, láìsọ̀rọ̀, títí ìlù á fi dún. Èmi ni mo dá a sílẹ̀. Mi ò ní ọmọ, mi ò ní ọkọ, mo ní ìyẹn.

Ẹ lè wá mọ bó ṣe rí lára mi nígbà tí mo gbọ́ tí Onífìlà ń kọ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀. "Tí gìtá bá ti ku òun nìkan, kó o yí ẹ̀yìn. Bàbá arúgbó kan ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lókè lọ́hùn-ún."

"Bàbá arúgbó wo?" ni mo wí. "Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀."

Ó wo ọ̀rẹ́ ẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá."

Iná gbọ̀ngàn kú kí n tó rí èsì tó máa dùn ún dáadáa.

Wọ́n ṣeré lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ariwo ìlù ń gba inú irin wọ inú egungun àyà mi. Òógùn ẹlòmíràn ń kán sí mi lọ́rùn. Onífìlà ń kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi, ohùn ẹ̀ kò sì bá orin mu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n kọ orin mẹ́fà, olórin mu omi, ó nu ẹnu, ó súnmọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ó kan 'Onílé,'" ló wí. Gbọ̀ngàn hó. Ó gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ fara balẹ̀. A ti ń parọ́ fún yín nípa orin yìí. Kò sí onílé kankan nínú ẹ̀. Ẹnì kan ló kọ lẹ́tà sí wa lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó ní tí a bá máa fi kọrin, ká má jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tí ó ń bá wí. Àwa la sọ ọ́ di onílé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ránṣẹ́ pé a lè ka díẹ̀ níbẹ̀ lónìí. Ó wà nínú ilé yìí, ṣùgbọ́n kò fẹ́ gun orí ìtàgé."

Ó yọ bébà kan láti àpò ẹ̀yìn sòkòtò ẹ̀, ó tú u. Ó kà á láìgbé ohùn sókè.

"'Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló tọ́ mi. Gbogbo àdúgbò wa ló ń gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ fún. Tèmi nìkan ni kò ṣí.'"

Gbogbo èrò hùn, irú hùn-ùn tí èèyàn máa ń ṣe nígbà tó bá rí ìkà. Onífìlà mi orí. "Irú ẹ̀gbọ́n wo nìyẹn? Ó yẹ kí ojú tì í."

Mo di irin mú.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tí n kì í sọ. Lọ́jọ́ tí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ lọ, mo tú àgádágodo ilẹ̀kùn wa, mo yọ irin wẹ́wẹ́ mẹ́ta nínú ẹ̀, mo fi mẹ́ta mìíràn sí i. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Lọ́jọ́ kejì, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, rédíò ń sọ̀rọ̀, mo gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ wọ ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́. Èmi ni mo gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ yẹn, mo mọ ohùn ẹ̀. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Mo húkọ́, kó lè mọ̀ pé mo wà nílé. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kó kanlẹ̀kùn, kó bẹ̀ mí, màá sì ṣí i. Kò kàn án. Nígbà tí mo fi máa dìde lọ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kò sí ẹnìkankan níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo dá àwọn irin àtijọ́ padà sínú àgádágodo náà, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ìbá sì ṣí i láti ìgbà yẹn. Kò padà wá dán an wò.

Èmi rèé, ọdún méjì ni mo fi kọ ẹ̀yìn sí ara mi, tí mo sì ń gbéra ga lórí ẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin náà. Nígbà tó dé ẹsẹ kẹta, olórin dákẹ́, gìtá ku òun nìkan. Gbogbo èèyàn yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ò yí. Mo dúró, mo kọjú sí ìtàgé, olórin sì ń wò mí, nítorí ojú tèmi nìkan ló kù tó lè wò.

Onífìlà fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. "Ẹ yí padà jàre. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Àbí ẹ̀gbọ́n yẹn ni yín?"

Mo yí padà. Ó tó irínwó èèyàn tí mo rí ẹ̀yìn orí wọn. Lókè orí wọn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn tó jáde sí àgbàlá, ẹnì kan ṣoṣo dúró tó kọjú sí wa. Ara ẹ̀ ti kún díẹ̀, ó sì ti gé irun ẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, ó fi tọ́ka síta.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo fi àyè mi sílẹ̀ kí eré tó parí. Kí n tó gbé ẹsẹ̀ kejì, Onífìlà ti bọ́ síbẹ̀. Mo la àárín èrò kọjá, mo ń ti ẹni tó bá ṣeé tì. Ẹnì kan ní ṣé orí mi dá pé. Mo ní kó bi ìyá ẹ̀.

Oòrùn ṣì mú ní àgbàlá. Ọkọ̀ ẹgbẹ́ náà dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, àpótí ẹ̀rọ òfìfo sì wà nílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró láàárín wọn. Nígbà tó rí mi, ó fi orúnkún kan kanlẹ̀.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, àǹtí mi."

"Dìde," ni mo wí. Ohùn mi le, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè dẹ̀ ẹ́. "Níbo lo wà?"

"Mo wà. Mo tún ìdánwò yẹn ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọsibítù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò." Ó gbọn eruku kúrò lórúnkún. "Mo ti ń rí yín látọdún méjì."

"O ń rí mi, o ò sì wá bá mi?"

"Ẹ̀yìn pátápátá, nínú òkùnkùn, ni mo máa ń dúró, iná á sì ti kú kí n tó wọlé. Mi ò fẹ́ rí yín rárá, ká má tan ara wa. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ orin yẹn, mo fẹ́ sá jáde nígbà tí mo rí yín níwájú. Àfi bí mo ṣe rí i tí ẹ yí padà." Ó tọ́ka sí gbọ̀ngàn. "Kò sẹ́ni tó sọ fún yín. Wọ́n ní onílé ni, síbẹ̀ ẹ gbọ́ ti kọ́kọ́rọ́ yẹn, ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin ni, ẹ kọ ẹ̀yìn sí ara yín lójú gbogbo ayé. Ẹ̀yin tí ẹ kì í tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Inú ṣì ń bí mi lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá wá, mo máa ń rí i tí ẹ tún ń ṣe é. Ìbínú ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n ka lẹ́tà náà lónìí. Mo ní tí wọ́n bá kà á tán, tí ẹ ṣì yí padà, màá bá yín lọ sílé."

Ó fi ọwọ́ sí àpò, ó mú kọ́kọ́rọ́ kan jáde. Mo mọ ehín ẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Ó ṣì ń gbé e kiri.

Kò ju kí n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni lọ. Kí n kàn mi orí, a ó jọ gba ọ̀nà ilé, yóò ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn yóò sì ṣí. Irọ́ náà ti dé ẹnu mi. Mo fẹ́ ẹ ju bí mo ti ṣe fẹ́ nǹkan kan rí lọ. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ tí mo fi ọwọ́ mi wẹ̀ ni mò ń wò. Mo ti jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn tí mo dákẹ́ fún un lẹ́ẹ̀kan.

"Mi ò mọ̀ pé èmi ni," ni mo wí.

"Kí lẹ wí?"

"Òní ni mo tó mọ̀. Nígbà tó ka lẹ́tà."

Ó wò mí. "Ta wá lẹ ń kọ ẹ̀yìn sí látọdún méjì?"

"Onílé."

"Onílé wo?"

"Onílé kan ṣáá."

Nínú gbọ̀ngàn, wọ́n ti bọ́ sínú orin mìíràn, àwọn èrò sì ń hó. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ di kọ́kọ́rọ́ náà mú dáadáa.

"Lọ́jọ́ tí mo padà wálé," ló wí, "ṣé ẹ gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́."

"Ẹ mọ̀ pé èmi ni?"

"Mo mọ̀. Mo húkọ́ kó o lè mọ̀ pé mo wà níbẹ̀."

"Kí lẹ wá ń dúró dè?"

"Kó o kanlẹ̀kùn. Kó o bẹ̀ mí."

"Ilẹ̀kùn tí mo ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ lọ́wọ́," ló wí, "kí n máa kàn án."

Mo fẹ́ sọ fún un pé mo ti dá àwọn irin náà padà, pé ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ilẹ̀kùn náà ti ń dúró dè é. Mo rí i pé ẹjọ́ ara mi ni mo ṣì fẹ́ rò, mo pa ẹnu dé.

Ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Kò sáré, kò sọ̀rọ̀, kò sì lọ. Ó kàn yí padà níbi tó dúró sí, láàárín àwọn àpótí òfìfo, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà àgbàlá, bí èmi gan-an ṣe kọ́ irínwó èèyàn láti máa ṣe é. Mo ń wo ọrùn ẹ̀. Mo mọ iye tó máa ń gbà. Gìtá á yí po lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ìlù á dún, gbogbo ẹni tó kọ ẹ̀yìn á sì kọjú padà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á nínú ara mi, mi ò yára, mi ò sì fo ohùn kankan. Ó pé ẹ̀ẹ̀kan. Ó pé ẹ̀ẹ̀mejì. Ó pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ó pé ẹ̀ẹ̀mẹ́rin.

Kò yí padà. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan.